Eyín Méjì Tí Bàbá Ẹyinjú Fi Ṣe Ìwádìí

A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú, ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá Ẹyinjú ń ṣe gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì fẹ́ra. Síbẹ̀, eyín méjì ló bàjẹ́ lẹ́nu ọkùnrin náà. Ọ̀kan dáhò lókè lápá ọ̀tún, èkejì sì ti kán mọ́ ìdí nísàlẹ̀ lápá òsì. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Bó bá ní kí àwọn jọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá òun, ọkọ á ní, "Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé rí.

Kì í ṣe ojo èèyàn o. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe. Ó ti rọ̀ mọ́ fèrèsé ilé alájà mẹ́ta, iná ti gbé e rí, ó sì tún padà sídìí ẹ̀rọ kan náà lọ́jọ́ kejì. Ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín nìkan ni kò lè gbà. Tó bá wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tó sì gbọ́ ọ látinú ilé ìtọ́jú, á sọdá títì, á lọ dúró sábẹ́ igi lódìkejì bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ìyàwó yìí ló ní òun fẹ́ di dókítà eyín. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa kó tó sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ nínú rẹ̀. Ìdí àga ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń dúró sí, tó ń na dígí sí i, tó ń na òwú sí i, tí ojú rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ọwọ́ bàbá náà. Ó kàwé láàárín iṣẹ́ àti oúnjẹ sísè, ó ṣe ìdánwò, ó tún un ṣe. Nígbà tí èsì dé, bí ẹni tó ń wá iṣu kan tó bá méjì lébè ló rí. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló gbà á.

Èkíní jìnnà. Bọ́ọ̀sì tó bá gbéra láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń débẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti di àwòrán lára ògiri. Èkejì wà nínú ìlú wọn níbí, lẹ́yìn gáréèjì, òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀ kò tíì jáde, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí àwọn dókítà kò sì tíì fún un ní ìfọwọ́sí tó pé. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Bíbọ̀ ọ̀hún ni kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Eléyín, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ lòun náà ti jáde. Ó ń fọ ọwọ́ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí ẹni ìkẹyìn lọ, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá fẹ́ omi tó mọ́, orísun ló ń lọ."

"Orísun jìnnà, sà. Mo sì ní ọmọ."

Bàbá náà pa omi. Ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo mọ̀. Èmi náà fi ọmọ sílẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí mo padà dé, ó ti ń sọ̀rọ̀, mi ò sì sí níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò dùn mí." Ó gbé aṣọ ìnuwọ́ kọ́. "Ṣùgbọ́n orísun ni."

Ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí ni Ẹyinjú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀ bí. Ó ti tó ẹni tó ń lọ sílé-ẹ̀kọ́, ó sì lẹ́nu bí àgbà. Òun ló sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kó má wulẹ̀ ronú púpọ̀, kí gbogbo wọn kó lọ síbi tó jìnnà, kí wọ́n gbé ilé lọ.

Ọkọ ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. "Ibi tí ọkàn ẹ bá lọ, ibẹ̀ ni kó o lọ. Èmi wà lẹ́yìn ẹ." Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń retí kó sọ pé, "Má lọ," kó lè bínú sí i, tàbí kó sọ pé, "Lọ," kó lè bínú sí i bákan náà. Èyí tó ń sọ yìí kò ṣeé bínú sí, kò sì ṣeé dì mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá kò tiẹ̀ ká ọkùnrin náà lára.

Nígbà tó yá, Bàbá Ẹyinjú ní òun fẹ́ lọ wo ọjà kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìjì ní ìlú tó jìnnà yẹn. Ó lọ, ó sùn mọ́jú, ó dé. Ó ní wọn ò ní irú èyí tí òun ń wá. Láti ìgbà yẹn, ó di ẹni tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu kan, tó sì ń fọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ rí i, ó sì ní bó ti máa ń ṣe nìyẹn bí eyín náà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Ọjọ́ tó yẹ kó fún ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì lésì ti ń súnmọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, Ẹyinjú wà lójúde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tọkọtaya náà jókòó sí pálọ̀. Ọkùnrin náà gbàgbé ara rẹ̀, ó yán. Ó yán dáadáa, ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀ gbé ojú sókè kúrò nínú ẹ̀wà tó ń ṣà.

"Ya ẹnu," ló wí.

Ọkùnrin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni ìyàwó rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀, àyàfi bí inú bá bí i tàbí bí ẹ̀rù bá bà á.

"Mo ní ya ẹnu."

Ó yà á. Obìnrin náà tan iná fóònù rẹ̀, ó fi ìka kan ti ètè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò tó wà lókè lápá ọ̀tún ti dí. Wọ́n dí i dáadáa, ó ń dán, kò yàtọ̀ sí eyín gidi. Ó tan iná sísàlẹ̀ lápá òsì. Eyín tó kán yẹn ti lọ, ojú ibẹ̀ ti ń jiná, ẹran tó bò ó jọ awọ ọmọ tuntun.

Ó pa iná fóònù. Ó jókòó.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Bàbá Ẹyinjú, ẹ má fi mí ṣeré."

"Mi ò fi ẹ́ ṣeré. Ẹni tó dí tòkè kọ́ ló yọ tìsàlẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ló yọ tìsàlẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ló dí tòkè."

Obìnrin náà wò ó títí. Ọkùnrin tó máa ń sá lọ sábẹ́ igi. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà Baba?"

"Èmi náà ni. Mo di ojú." Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. "Gbọ́, tí ẹnì kan bá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí àdúgbò, tó ní òun mọ fíríìjì tún ṣe, ṣé èèyàn máa dúró síta, á máa ka pátákó ẹ̀ ni? Fíríìjì tó bàjẹ́ ló máa gbé lọ bá a. Èmi ò mọ ìwé tó o fẹ́ kà. Mi ò mọ èyí tó dáa nínú àwọn tó ń kọ́ni. Ohun tó bàjẹ́ tí mo ní lọ́wọ́ ò ju ìyẹn lọ."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá tẹ̀ lé mi. Tó o bá tẹ̀ lé mi, wàá rí i bí mo ṣe ń gbọ̀n."

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu obìnrin náà, kò jẹ́ kó jáde. "Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Bàbá Ẹyinjú fara ti àga. Ó ní nígbà tí òun dé ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ láàárọ̀, àwọn èrò ti kún bẹ́ńṣì, wọ́n ti jókòó dé orí àtẹ̀gùn. Obìnrin kan gbé ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú dání. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí eyín ẹnu rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń dùn ún. Nọ́mbà ni wọ́n pe òun, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó kàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ gíga kan ló fún un lábẹ́rẹ́, ìka ọmọ náà ń gbọ̀n, tòun náà ń gbọ̀n, àfi bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ ń jó. Olùkọ́ kan tó ti hewú dúró sẹ́yìn ọmọ náà. Kò fọwọ́ kan nǹkankan. Ó kàn ń sọ pé, "Má yára. Má yára." Eyín náà sì jáde.

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ẹ̀rù ló dùn mí. Eyín ò dùn mí."

"Tuntun ńkọ́?"

Ojú ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. "Ìyẹn, wọ́n ṣe mí bí ọba. Wọ́n gbé omi fún mi. Ọmọbìnrin kan ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó béèrè iṣẹ́ mi, ó béèrè ọmọ mi, mo tiẹ̀ sọ fún un pé Ẹyinjú ń ka eyín ẹnu ara ẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó dí i tán, tó ní kí n pa ẹnu dé, ó ga jù. Olùkọ́ ẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n kò bá a sọ ọ́. Ó ní kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi. Ọmọ náà ní, 'Ẹ má bínú, sà, mo ṣe é ga jù, màá tún un ṣe.' Ó sì tún un ṣe. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn."

Inú obìnrin náà ti ń rọ̀. Ó ti ń wo ara rẹ̀ lójú inú, tó ń ti ẹ̀yìn gáréèjì bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí Ẹyinjú ń sáré pàdé rẹ̀. Ó lanu láti sọ̀rọ̀.

Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ díẹ̀. "Ó ku kan." Ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. "Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Lórí bẹ́ńṣì. Látàárọ̀ tí mo ti dé títí mo fi lọ. Àga tò lọ rẹrẹ, èyí tó pọ̀ nínú wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé wọn wá. Nígbà tí mo yanu, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí mi ká, wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí ihò náà, bí ẹni tó ń wá oṣù tuntun lójú ọ̀run."

Lójúde, Ẹyinjú ń bá ẹnì kan jiyàn pé òun kọ́ ló ṣubú.

Obìnrin náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ti dúró sídìí àga Baba Eléyín pẹ́ tó láti mọ̀ pé ìwé lè sọ bí eyín ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ló ń kọ́ ọwọ́, ẹnu tó pọ̀, tó yàtọ̀ síra, èyí tó ń rùn, èyí tó ń sunkún, èyí tí kò fẹ́ là rárá. Ibi tí bẹ́ńṣì bá ti ṣófo, ọwọ́ á pẹ́ kó tó gbọ́n.

"Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí?"

"Mo mọ̀."

"Ká ní ẹ ò sọ ọ́, tuntun ni mo fẹ́ mú. Ó ti wà lẹ́nu mi."

"Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti ibẹ̀ dé ni mo ti ń bá ara mi jà. Mo ní, ṣé kí n kàn gbé ibẹ̀ yẹn jẹ? Ta ló máa bi mí? Wàá máa wá sílé lálaalẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí mo bá tún fíríìjì onífíríìjì ṣe, tí mo mọ̀ pé gáàsì inú ẹ̀ ò tó, tí mo wá ní ó ti dáa, ẹran ẹlẹ́ran ló máa rà. Mi ò lè ṣe é fún oníbàárà. Ṣé ìwọ ni màá wá ṣe é fún?"

Obìnrin náà gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí ẹsẹ̀. "Bàbá Ẹyinjú, ṣé ẹ fẹ́ kí n dúró?"

"Mo fẹ́ kó o dúró," ni ọkùnrin náà wí. "Mo sì fẹ́ kó o lọ. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí èyí tí màá sọ."

Nígbà náà ni omi bọ́ lójú obìnrin náà. Kì í ṣe torí ìrìn-àjò. Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti ọjọ́ yìí ló dé wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, tó jókòó tì í. Ọkọ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ ń ṣa ẹ̀wà náà, ọ̀kan ń ṣà, èkejì ń da òkúta mọ́ ẹ̀wà láìmọ̀.

Síbẹ̀ kò gbára lé eyín ọkọ rẹ̀ nìkan. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun náà fúnra rẹ̀, ó rí obìnrin tó ń darí ibẹ̀. Ó bi í léèrè àwọn aláìsàn, ó bi í léèrè ìfọwọ́sí. Obìnrin náà kò bo nǹkankan mọ́lẹ̀.

"Àwọn èèyàn ṣì ń bẹ̀rù wa," ó ní. "Wọ́n á wá. Ìfọwọ́sí náà á dé. Àmọ́ bí mo bá dá ọjọ́ fún ẹ, irọ́ ni mo pa."

"Ká ní ẹ̀yin lẹ wà nípò mi ńkọ́, mà?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ibí ni màá wá. Màá bá ilé náà dàgbà. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ní àyè láti dúró dè wá?"

Nọ́ọ̀sì rò ó díẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Nígbà tó máa délé, ó ti mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù, irun dídì ni wọ́n fi ṣe. Bàbá Ẹyinjú ló ní òun máa kọ́ ọ. Ó ní ẹni tó lè hun wáyà tó tín-ín-rín bí òwú kò lè kú sídìí irun. Ìyàwó rẹ̀ á jókòó tì í, á fi hàn án bí wọ́n ṣe ń la irun, bí wọ́n ṣe ń mú u láti ìdí, ọkùnrin náà á sì ki ahọ́n bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ẹni tó ń jó irin. Ẹyinjú á gbé orí rẹ̀ sílẹ̀ fún un, á fara dà á títí ara rẹ̀ á fi kọ̀ ọ́.

"Bàbá, ẹ̀ ń fà á bíi wáyà."

"Má bínú. Ṣé báyìí?"

"Ó ṣì jẹ́ wáyà. Àmọ́ wáyà kékeré."

Lọ́jọ́ tí obìnrin náà máa lọ, ìlà irun Ẹyinjú wọ́, ṣùgbọ́n kò tú. Baba Eléyín ti ilé ìtọ́jú rẹ̀, ó wá sí gáréèjì. Kò sọ púpọ̀. Ó kàn ní, "Bí wọ́n bá ní kó o yára, má yára." Nọ́ọ̀sì wo ọkọ rẹ̀, ọkọ náà wò ó, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, bàbá náà kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe párádísè. Àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ pátápátá ni wọ́n jọ wà ní kíláàsì, wọ́n sì ń pè é ní "Àǹtí". Àga kò tó, wọ́n ń pín in lò. Nígbà mìíràn á dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú. Ó sunkún nínú ilé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí Ẹyinjú gba fóònù tó ní òun ò rí nǹkan sọ, tó sì gbé e padà fún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èrò kò wọ́n lórí bẹ́ńṣì, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ́n.

Nígbà tó kọ́kọ́ wálé fún ìsinmi, ó rò pé ọmọ á fò mọ́ òun. Ẹyinjú wá sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," ó gba báàgì, ó gbé e wọlé, ó sì lọ dúró sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò nìyẹn. Ọkàn obìnrin náà gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò fi agídí fa ọmọ náà mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ẹyinjú ń tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ oníbàárà kan ní fàráńdà. Ẹyinjú ń na irinṣẹ́ sí i. Obìnrin náà gbé àpótí, ó jókòó sí tòsí wọn.

"Sọ ìtàn kan fún wa," ni ọkọ rẹ̀ wí, kò gbé ojú sókè. "Ti ẹnu àwọn èèyàn."

Obìnrin náà sọ ti bàbá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ jòjòló sáré wá, tó ní egungun kan ń yọ lẹ́nu ọmọ náà, kí wọ́n gba òun. Nígbà tí wọ́n wò ó, eyín tó kọ́kọ́ hù ni.

Ẹyinjú ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tí kò fetí sílẹ̀. "Ṣé bàbá yẹn sunkún?"

"Ó sunkún. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní kó máa lọ sílé, pé ọ̀pọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó béèrè òmíràn. Ó gbé ìdí súnmọ́ tòsí díẹ̀, ó tún súnmọ́ díẹ̀, títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan orúnkún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìtàn kẹta máa parí, ó ti gbé orí lé itan rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ mú irinṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí obìnrin náà jáde, ilé-ẹ̀kọ́ tuntun gba ìfọwọ́sí rẹ̀, àwọn aláìsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ síbẹ̀. Bàbá Ẹyinjú ló pè é lórí fóònù láti sọ fún un, kò jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

"Ó mà dáa," ni obìnrin náà wí. "Bàbá Ẹyinjú, ṣé ẹ máa ń kábàámọ̀ ọ́?"

"Lọ́jọ́ mìíràn."

"Èmi náà," ó ní, "lọ́jọ́ mìíràn."

Kò sẹ́ni tó pa fóònù nínú wọn.